Wọ́n ní kí n jẹ́ kí ọmọ ajá mi gun ìyá rẹ̀: ẹ̀yin ẹlẹ́ran Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Tákìé

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà ẹlẹ́ran. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí oṣù tó ń bọ̀ tó dé.

Mo ní abo ajá Boerboel kan, irú ajá ńlá kan, Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀. Ó ti bímọ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ méje, akọ tó gùn ún wá láti Ìbàdàn. Mo ta mẹ́fà, mo fi akọ kan sílẹ̀, òun ni mò ń pè ní Jagun. Ó ti pé ọdún kan àtààbọ̀ báyìí. Orí rẹ̀ rí rìbìtì, àyà gbòòrò, ẹsẹ̀ dúró gbọin. Bí mo bá mú un dé ìkóríta Tákìé, àwọn ọlọ́kadà á dúró wò ó.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta ajá ló wá rí i nílé. Ó ní kí n má fi owó ṣòfò lórí akọ ẹlòmíì, kí n jẹ́ kí Jagun gun ìyá rẹ̀. Ó ní tí mo bá lè ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, orí yẹn á dúró nínú ìran, gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí á máa gbé e wá sáyé, mo ti ní ìran tèmi nìyẹn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó ṣe dá gbogbo ajá olówó ńlá sílẹ̀. Màmá mi tó jókòó síbẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà pariwo: "Ọmọ àti ìyá? Èèwọ̀!" Ọ̀gbẹ́ni náà dá wọn lóhùn pé ẹran ò mọ ẹbí.

Mi ò mọ ta ni kí n gbà gbọ́. Tanímọ̀la á máa wá akọ lóṣù tó ń bọ̀. Akọ kan wà ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n owó akọ tí wọ́n ń bèèrè pọ̀. Ohun méjì ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣé ewu wà níbẹ̀? Bí kò bá tiẹ̀ séwu, ṣé ó tọ́?

Bàbá_Alájà_Ìjẹ̀rú

Àbúrò mi, má ṣe é. Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹnu mi ni kí o ti gbọ́ ọ.

Alsatian ni mò ń sìn nígbà náà. Mo ní akọ kan tí gbogbo ayé ń yìn, mo jẹ́ kó gun ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí. Mi ò ṣèèṣì, mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Irun dúdú tó tẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ bí gàárì ni mo fẹ́, mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ gbé e jáde. Ọmọ mẹ́fà ló bí. Òkú ni méjì nínú wọn.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì mo rí i pé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó kù rọ ju àwọn yòókù lọ. Mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Mo fi ẹnu rẹ̀ sí ọmú ìyá, ó gbá a mú, ó ń fà á gan-an, ọkàn mi balẹ̀ pé ara rẹ̀ á yá. Àfi bí mo ṣe rí wàrà tó ń hó jáde ní ihò imú rẹ̀ méjèèjì. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo fi ìka ọmọńdinrín la ẹnu rẹ̀. Àjà ẹnu là gbalaja láti iwájú dé ọ̀nà ọ̀fun. Gbogbo ohun tó ń fà mu, imú ló ń gbà jáde, ìyókù ń lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìyàwó mi fi síríńjì fún un ní wàrà ní wákàtí méjì méjì, lọ́sàn-án lóru. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ń mí bí ẹni tí omi kún àyà rẹ̀. Kò rí ọjọ́ kẹrin.

Àwọn mẹ́ta tó kù rẹwà, irun dúdú yẹn sì wà lára wọn bí mo ṣe fẹ́. Mo tà wọ́n. Lẹ́yìn ọdún kan, ọ̀kan nínú àwọn tó rà wá bá mi: ẹyọ ẹpọ̀n kan ṣoṣo ló sọ̀ kalẹ̀ fún akọ tirẹ̀, ìkejì há sínú ikùn. Mo dá owó rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé nígbà tí ó wá rà á, ó bi mí pé, "Bàbá, níbo ni ìyá wọn ti wá?" Mo ní ọ̀dọ̀ mi níbí ni. Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n mo fi èyí tó yẹ kó gbọ́ pamọ́ fún un.

Dókítà_Ẹran

Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ síta. Ọ̀pọ̀ alájà ló ti rí irú rẹ̀ tí wọn ò jẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí gbogbo wa mọ̀ ṣàlàyé. Kí àfẹ́sọ́nà tó ṣègbéyàwó lóde òní, wọ́n á ní kí wọ́n lọ yẹ jẹ́nótáìpù wò. Ẹni tó jẹ́ AS kò ṣàìsàn, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Àmọ́ tí AS bá fẹ́ AS, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bí ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Ajá náà ní irú AS tirẹ̀, kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Kò sí ẹranko kan, kò sí ènìyàn kan, tí kò gbé àbùkù mélòó kan tó fara pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Àbùkù yẹn ò ní ṣe nǹkan kan níwọ̀n ìgbà tí èyí tó gbà lọ́dọ̀ òbí kejì bá pé. Tí akọ bá jẹ́ àlejò, ó ṣọ̀wọ́n kó gbé irú kan náà. Jagun ńkọ́? Ìdajì ohun tó wà lára rẹ̀, ọ̀dọ̀ Tanímọ̀la ló ti gbà á. Àbùkù yòówù tí Tanímọ̀la bá fi pamọ́, bí ẹni ta owó ẹyọ ni: ó lè ti bọ́ sí Jagun lára, ó lè má bọ́ sí i.

Ará Amẹ́ríkà kan, Sewall Wright, ló fún wa ní ìṣirò rẹ̀ ní 1922, kò sì le. Ẹ ya ìran àwọn ajá náà sórí ìwé. Ẹ gbéra láti ọ̀dọ̀ bàbá, ẹ gòkè lọ bá òbí tàbí òbí àgbà tí bàbá àti ìyá jọ ní, kí ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹ ka gbogbo ajá tó wà lójú ọ̀nà yẹn, bàbá àti ìyá pẹ̀lú. Iye tí ẹ bá kà ni iye ìgbà tí ẹ ó pín 1 sí méjì. Tí ọmọ bá gun ìyá rẹ̀, ajá méjì péré ló wà lójú ọ̀nà, Jagun àti Tanímọ̀la. Ìdajì 1, lẹ́yìn náà ìdajì ìdajì: 25% nìyẹn. Àwọn tó jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ajá mẹ́ta ni, 12.5%. Bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ ìyá ọmọ bàbá, ọ̀nà méjì ló wà, ẹ ó kó méjèèjì pọ̀, ó tún padà di 25%. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò jẹ́ 6.25%.

Ohun tí 25% ń sọ ni pé tí ẹ bá wo ibi mẹ́rin nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, ẹ retí pé nínú ọ̀kan, ohun tó gbà lọ́wọ́ bàbá àti èyí tó gbà lọ́wọ́ ìyá jẹ́ ohun kan náà gan-an, láti ara ajá kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí ọ̀gbẹ́ni yẹn sọ ńkọ́? Tí akọ inú àwọn ọmọ yẹn bá tún gun Tanímọ̀la, ó di 37.5%. Ẹ̀ẹ̀kẹta, 43.75%. Orí lè dúró lóòótọ́. Gbogbo ohun mìíràn tó fara pamọ́ síbẹ̀ náà á dúró pẹ̀lú rẹ̀.

Kí ẹ má sì rò pé àjà tó là nìkan ni ìyà rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù kì í pariwo. Ọmọ á dín, wọ́n á kéré nígbà tí wọ́n bá bí wọn, abo á pẹ́ kó tó lóyún, àìsàn tó yẹ kó kọjá lọ á so mọ́ wọn lára. Ẹni tó ni wọ́n á ní ọdún yẹn ló burú.

Olùtọ́jú_Ìran

Mo bọ̀wọ̀ fún dókítà àti bàbá. Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ bíi pé ẹni tó bá mú ẹbí gun ẹbí ò ní làákàyè. Ọ̀pọ̀ ìran ẹran tó dá yàtọ̀ lónìí ló gba ọ̀nà yẹn kọjá. Robert Bakewell ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kú ní 1795, àgbò rere ló ń dá padà sórí ọmọ àti ọmọ ọmọ tó bí, ìyẹn ló fi tún àgùntàn Leicester ṣe. Akọ màlúù kan wà tó ń jẹ́ Comet, 1804 ni wọ́n bí i. Favourite ni bàbá rẹ̀. Ìyá tó bí Comet, Favourite náà ló bí i, ìyá Favourite fúnra rẹ̀ ló sì gbé oyún ìyá Comet náà. Ní 1810 wọ́n ta Comet ní 1,000 gínì, owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, òun sì ni màlúù àkọ́kọ́ tó gba owó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo àwọn màlúù funfun Chillingham ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti tó nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí àlejò kankan ò ti wọ àárín wọn. Òtútù ọdún 1947 pa wọ́n títí wọ́n fi ku mẹ́tàlá, wọ́n ṣì padà pọ̀ sí i.

Èmi gan-an ń ṣe é, ohun tí àwọn alájà ń pè ní line breeding. Bàbá àgbà sí ọmọ ọmọ ni, mi ò ṣe ọmọ sí ìyá rí. Ṣùgbọ́n mo ní ìwé tí mo kọ gbogbo ọmọ sí, alààyè àti òkú, ìwọ̀n wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn, ìgbà tí ẹpọ̀n sọ̀, bí eyín ṣe pàdé. Abo tí àbùkù bá hàn lára ọmọ rẹ̀, kò ní bí mọ́ lọ́dọ̀ mi, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Mo ti dá abo kan dúró tí ẹnìkan fẹ́ san owó ọ̀kadà tuntun lé lórí. Ẹni tí kò bá lè ṣe ìyẹn, kó má bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó gba Ọmọ_Tákìé nímọ̀ràn, ṣé ó sọ apá yìí fún un?

Ọmọ_Tákìé

Rárá sà. Orí nìkan ló sọ.

Dókítà_Ẹran

Olùtọ́jú, a ò jìnnà síra. Ibi tí mo ti ní ìyọnu ni pé Comet àti màlúù Chillingham ni àwọn tó là á já. Àwọn agbo tó gba ọ̀nà kan náà tí wọ́n sì run, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Ìwé nìkan ò sì tó nígbà mìíràn. Akọ màlúù Holstein kan ní Amẹ́ríkà, Pawnee Farm Arlinda Chief, 1962 ni wọ́n bí i, ọmọbìnrin tó bí lé ní 16,000. Wàrà wọn pọ̀, gbogbo ayé ń fẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tó rí i pé ó gbé àbùkù kan tó ń ba oyún jẹ́ tó bá pàdé irú ara rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé oyún tó ti bàjẹ́ nípasẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 500,000. Àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn ní ìwé, ìwé wọn sì mọ́ ju tiwa lọ.

Ajá Dalmatian ńkọ́? Ìtọ̀ wọn lè di òkúta nínú, àbùkù náà sì wà lára gbogbo wọn pátá tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe lè yàn tó láàárín ara wọn, kò sí ọ̀kan tó pé tí wọ́n á yàn. Ní 1973 Robert Schaible, ará Amẹ́ríkà kan, mú ajá Pointer pọ̀ mọ́ Dalmatian lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ń dá àwọn ọmọ tí ìtọ̀ wọn dáa padà sọ́dọ̀ Dalmatian láti ìran dé ìran. Ojú kan ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ mọ́, síbẹ̀ ó di 2011 kí American Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń kọ orúkọ ajá sílẹ̀ níbẹ̀, tó gba ìran yẹn sínú ìwé. Ohun tó bá ti sọnù nínú ìdílé, ìta ni wọ́n ti ń lọ mú un wá.

Ẹni tó ní òyìnbó ń ṣe ọmọ sí ìyá, ẹ sọ fún un pé láti 2009 ni Kennel Club ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ti wà láti 1873, ti ní àwọn ò ní kọ orúkọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé mọ́. Ọmọ sí ìyá, bàbá sí ọmọ, ẹ̀gbọ́n sí àbúrò, wọn ò gbà á.

Ìyá_Ẹlẹ́ran_Arówómólẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ajá lẹ ń sọ, ṣùgbọ́n àwa tó ń sin ewúrẹ́ àti àgùntàn là ń ṣe é jù, a ò sì mọ̀. Òbúkọ kékeré tí wọ́n bí nígbà Ọdún Àjíǹde, kó tó pé oṣù mẹ́fà ó ti ń gun ìyá rẹ̀. Ẹni tó ni ín rò pé ọmọdé ni, wọ́n jọ ń sùn sínú ilé ẹran kan náà.

Iléyá ló wá ba ti àgùntàn jẹ́. Àgbò tó dàgbà kíá, tó sanra, tí ìwo rẹ̀ ká, òun la máa kọ́kọ́ fà lọ sọ́jà, torí òun ló lówó lórí. Èyí tó rù, tí wọ́n wò wò wò tí wọn ò rà, ló máa padà wálé wá gun gbogbo abo, ìyá rẹ̀ ni o, àbúrò rẹ̀ ni o. Tó bá di ọdún kẹrin, wọ́n á ní ilẹ̀ ò dáa, wọ́n á ní aráyé ló ń ṣe wọ́n. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Àgùntàn mi tó ń bí ìbejì tẹ́lẹ̀ di oníkọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ ń kéré sí i, mo sì ń ra oògùn aràn lójoojúmọ́ ayé.

Ọmọ mi tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹran ní LAUTECH ló jókòó tì mí. Ó ní, "Màmá, akọ kan lórí abo ogún, tó bá di ìran tó ń bọ̀, bíi pé ẹran mẹ́rin péré lẹ ní ló rí." Mo ní báwo? Ó ní nítorí pé ìdajì ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọ, láti ara akọ kan yẹn ni. Tó bá jẹ́ akọ méjì, ó dà bí ẹran méje. Akọ mẹ́rin, mẹ́tàlá. Ó ní àádọ́ta ni àwọn FAO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ní kó má dín sí tí ìran kan ò bá ní bàjẹ́. Mo wò ó pé kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wa tó lè dé àádọ́ta. Àfi ká fọwọ́ sowọ́ pọ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí rèé. Àgbò tó dára jù, mi ò tà á fún Iléyá títí tó fi máa gun abo, ó di ọdún kejì kó tó rí ọjà. Àwọn akọ yòókù, kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́ta wọ́n ti tẹ̀ wọ́n lọ́dàá, wọ́n sì máa ń sanra fún ọjà. Mo gé àmì sí etí, àmì kan fún ọmọ abo kọ̀ọ̀kan, torí ojú mi ò mú un mọ́. Èmi àti obìnrin kan ní Ìrẹsà jọ pààrọ̀ òbúkọ. Lọ́dún tó tẹ̀lé e a ò dá wọn padà fún ara wa o, torí ọmọ ara wọn ni wọ́n máa padà wá bá nílé. Ẹlòmíì la gbé wọn fún. Tí ẹran àlejò bá dé, ẹ so ó lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó má lọ mú àìsàn wọlé. Òbúkọ kan tí mo rà lọ́jà tí mi ò so lọ́tọ̀ pa ewúrẹ́ márùn-ún fún mi.

Ọdẹ_Ìkòyí

Ajá ọdẹ wa ò ní pépà tó ń sọ ìran wọn. Ṣùgbọ́n bàbá mi ò jẹ́ kí ajá ilé wa gun ara wọn. Tó bá fẹ́ ọmọ lára abo rere, ó máa ń mú un lọ sọ́dọ̀ ọdẹ ìlú míì, ó lè sùn síbẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta. Wọn kì í wo orí. Ṣé ó ń gbóòórùn? Ṣé kì í sá fún òkété tó bá kọjú sí i? Tí wọ́n bá súfèé pè é nínú igbó, ṣé ó ń bọ̀? Èmi fẹ́ bi àbúrò mi yìí: yàtọ̀ sí orí Jagun, kí lo tún mọ̀ nípa rẹ̀?

Aládìẹ_Awẹ́

Kí n fi ti adìẹ kún un ní ṣókí. Noiler tí wọ́n ń pa ẹyin rẹ̀ di ọmọ lọ́dọ̀ wa ní Awẹ́ níbí, àmúlùmálà ni, okun ara rẹ̀ wá láti inú ìran tó jìnnà síra tí wọ́n pò pọ̀. Àwọn èèyàn á rà á, wọ́n á jẹ́ kí àkùkọ àti abo tí wọ́n jọ rà gun ara wọn, wọ́n á wá máa bínú pé ọmọ ò tó ìyá. Okun yẹn kì í kọjá dé ọ̀dọ̀ ọmọ bó ṣe wà lára òbí, kì í ṣe pé wọ́n rẹ́ yín jẹ. Ní ti adìẹ ìbílẹ̀, ẹ pààrọ̀ àkùkọ kí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé, ìyẹn nǹkan bí oṣù mẹ́fà.

Olùkọ́_Òkè_Àdó

Ọ̀rọ̀ màmá Ọmọ_Tákìé kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti kà á. Ẹ ti dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ dáadáa. Ìkejì ńkọ́?

Ẹran ò mọ ẹbí, òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi já lé wa lọ́wọ́. Nínú igbó, akọ tó bá ti gòkè máa ń kúrò nílé, wọ́n á lé e tàbí kó fúnra rẹ̀ lọ wá ibòmíràn. Àwa la mọ ògiri yí wọn ká, àwa la sì ti géètì. Ajá ò mọ̀ pé ìyá òun nìyí, ẹni tó di okùn mú mọ̀. Mi ò pe ẹ̀sùn ajá. Mò ń bi ẹni tó di okùn mú pé ta ló máa jìyà ẹ̀. Bàbá Ìjẹ̀rú ti sọ fún wa: ọmọ ajá tó ń fa ọmú tí wàrà ń gba imú jáde, òun ò fẹ́ irun dúdú.

Wọ́n tún máa ń sọ pé, "Jẹ́ kí ọmọ kún, ìwọ á yan èyí tó dáa." Lọ́nà Under-G, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, mo ti rí àpò ìrẹsì kan tó ń mì. Ọmọ ajá mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́ta ti kú, ìkẹrin ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì wọ́ sínú. Mo gbé e sínú aṣọ mi títí mo fi délé, kò pẹ́ kó tó kú. Ẹni tó bá ní òun máa yan èyí tó dáa, kó kọ́kọ́ sọ ibi tó máa kó èyí tí kò dáa sí. Tó bá lè tọ́jú wọn títí ọjọ́ ayé wọn, tàbí kó gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà kí wọ́n lè kú láìjẹ̀rora, tó sì lè sọ fún ẹni tó ń rà pé, "Bí wọ́n ṣe bí èyí rèé," mo lè bá a jókòó ká jọ sọ̀rọ̀ lórí line breeding. Ẹni tí kò lè ṣe ìyẹn ò ní ẹ̀tọ́ sí i lójú tèmi.

Bàbá_Alájà_Ìjẹ̀rú

Olùkọ́, Olúwa á bù kún yín. Ohun tí mi ò lè sọ jáde láti ọdún yìí wá lẹ sọ yẹn.

Ọmọ_Tákìé

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti sọ fún ọ̀gbẹ́ni yẹn pé mi ò ṣe. Ó bínú, ó ní owó ni mo lé lọ.

Mo pe ẹni tó ni akọ Ìlọrin, ó fi àwòrán pépà rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Tanímọ̀la, àyà mi já: orúkọ kan wà nínú méjèèjì. Ajá tó bí ìyá akọ Ìlọrin ló bí bàbá Tanímọ̀la. Ẹbí ni wọ́n! Mo ya ọ̀nà bí dókítà ṣe kọ́ wa: akọ Ìlọrin, ìyá rẹ̀, bàbá àgbà yẹn, bàbá Tanímọ̀la, Tanímọ̀la. Ajá márùn-ún. Mo pín 1 sí méjì lẹ́ẹ̀marùn-ún, mo rí 3.125%. Ṣé mo ṣe é dáadáa? Ṣé ó pọ̀ jù?

Dókítà_Ẹran

O ṣe é dáadáa. Kò pọ̀. Boerboel tó wà nílẹ̀ yìí ò pọ̀ tó ká rí àwọn tí kò jọ ní bàbá àgbà kan rárá. Èyí tó wà nínú pépà nìkan ni a kà o, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn òbí àgbà.

Kí o tó san owó, ní kí wọ́n fi fọ́tò X-ray ìbàdí akọ yẹn hàn ọ́. Ajá ńlá bí èyí, egungun ìbàdí tí kò jókòó dáadáa ló ń bà wọ́n jẹ́ jù, ojú lásán ò sì lè rí i. Bí wọn ò bá ní in, ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn lè ṣe é. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ajá méjèèjì wò fún brucella, ó ń ba oyún jẹ́, ó sì lè ran ènìyàn. Fi ọwọ́ kan ẹpọ̀n rẹ̀, kí méjèèjì wà níbẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: Jagun gbọ́dọ̀ kúrò nínú ọgbà yẹn tí Tanímọ̀la bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Má so ó mọ́lẹ̀ kí o sọ pé ó tó. Mo ti rí akọ tó já ṣéènì.

Bàbá_Alájà_Ìjẹ̀rú

Mú un wá sọ́dọ̀ mi. Àyè wà. Oúnjẹ rẹ̀ nìkan ni kí o gbé wá.

Olùtọ́jú_Ìran

Orí Jagun tí o ń bẹ̀rù pé ó máa sọnù, kò ní sọnù. Mo ní abo kan tí kò bá a tan rárá títí dé ìran kẹrin nínú ìwé mi. Jẹ́ kó pé ọdún méjì, kí wọ́n yẹ ìbàdí rẹ̀ wò. Tó bá mọ́, mi ò ní gba owó, ìwọ náà ò ní gba owó, ọmọ la ó pín.

Ọmọ_Tákìé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta, mo ní kí n wá jábọ̀.

Jagun lo ọjọ́ méjìlélógún ní Ìjẹ̀rú. Bàbá sọ pé alẹ́ márùn-ún àkọ́kọ́ ló fi sunkún lẹ́nu géètì. X-ray akọ Ìlọrin mọ́, ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì mọ́. Tanímọ̀la bí ní ọjọ́ kejìlélọ́gọ́ta, lóru ọjọ́ Ẹtì. Mẹ́jọ ni, ọ̀kan ò yè, ó kéré jù. Kí n tó sùn lóru yẹn, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo fi ìka ọmọńdinrín la ẹnu àwọn méje lọ́kọ̀ọ̀kan bí Bàbá Ìjẹ̀rú ṣe sọ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Àjà ẹnu gbogbo wọn pa dé, ó tutù, ó ń dán.

Mo ti ra ìwé ńlá kan. Mo kọ ìwọ̀n wọn síbẹ̀, ti èyí tó kú náà wà níbẹ̀. Lókè ojú ewé àkọ́kọ́ mo kọ orúkọ bàbá àti ìyá, mo kọ 3.125% sí abẹ́ rẹ̀. Màmá mi bi mí pé nọ́ńbà kí nìyẹn. Mo ṣàlàyé pé bàbá àgbà kan ni wọ́n jọ ní, pé bí ìbátan wọn ṣe sún mọ́ra tó nìyẹn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ kó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹni tó bá wá rà lè rí i láìlo awò ojú.